Fíìmù Cannibal Holocaust: ṣé wọ́n pa àwọn èèyàn yẹn lóòótọ́ ni?

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́ (aago 1:12 òru)

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú òru o. Mi ò rí oorun sùn. Ọ̀rẹ́ mi kan, tí mi ò ní dárúkọ ẹ̀ kí ẹ má baà ṣépè fún un, ló fi fíìmù kan ránṣẹ́ sí mi. Ó ní tó bá dá mi lójú pé mo láyà, kí n wò ó dé ìparí. Cannibal Holocaust lorúkọ ẹ̀. Àwọn ará Ítálì ló ṣe é, wọ́n ti ṣe é kí wọ́n tó bí mi.

Ìtàn rẹ̀ rèé fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà mẹ́rin, obìnrin kan, ọkùnrin mẹ́ta, gbé kámẹ́rà wọ igbó Amazon, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ ya àwòrán àwọn ajẹnìyàn. Wọn ò padà wálé mọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti New York wá wọn lọ. Egungun wọn ló bá, àti àwọn fíìmù tí wọ́n ti yà. Ó kó fíìmù yẹn padà sílé, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan sì fẹ́ gbé e sáfẹ́fẹ́, ni wọ́n bá jókòó láti wò ó. Ibẹ̀ làṣírí ti tú pé àwọn mẹ́rin wọ̀nyí gan-an ni ìkà. Wọ́n dáná sun ahéré mọ́ àwọn ará abúlé lórí, wọ́n fipá bá ọmọdébìnrin kan lò, wọ́n ń yà á, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Àwọn onílùú wá gbẹ̀san lára wọn.

Ohun tó gba oorun lójú mi ni pé kò jọ eré. Kámẹ́rà ń gbọ̀n, àwòrán ń já, ohùn ń lọ ó ń bọ̀. Ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n fi òpó gún láti ìsàlẹ̀, tí ṣóńṣó ẹ̀ yọ lẹ́nu ẹ̀. Mo dá a dúró, mo fà á sún mọ́ ojú, mi ò rí ibi tí ọgbọ́n wà. Ẹni tó bá mọ̀ kó dákun sọ fún mi. Ṣé wọ́n pa wọ́n ni?

Ṣẹ̀fẹ̀_Bí_Ọ̀sán (aago 1:20 òru)

O ń wo ohun tó ń jẹ èèyàn ní aago kan òru, o tún ń wá oorun. Oorun ti bá ẹsẹ̀ ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Àdùkẹ́_Onítìróò (aago 5:48 àárọ̀)

Àbúrò mi, fọkàn balẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gún ọmọbìnrin yẹn.

Iṣẹ́ mi ni pé mo ń kun ojú fún àwọn òṣèré, mo ń ṣe ọgbẹ́, mo ń ṣe àpá, mo sì ń sọ ọmọge di arúgbó. Òpó irin ni wọ́n rì mọ́lẹ̀, wọ́n wá gbé ìjókòó kẹ̀kẹ́ ológeere lé e lórí. Ọmọbìnrin náà jókòó lé e, ó gbójú sókè, ó sì fi eyín di igi fẹ́ẹ́rẹ́ kan mú tí wọ́n gbẹ́ ṣóńṣó. Wọ́n da ẹ̀jẹ̀ èké sí i lára. Ó parí. Ruggero Deodato tó darí fíìmù náà ló fẹnu ara ẹ̀ ṣàlàyé ẹ̀ fún kóòtù.

Ohun tó tàn ẹ́ kì í ṣe òpó yẹn, kámẹ́rà ni. Kámẹ́rà ò sún mọ́ ọn ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì dúró pẹ́. Tí mo bá ṣe ọgbẹ́ kan tán, ohun tí mo máa ń bẹ àwọn dírẹ́kítọ̀ nìyẹn: ẹ má dúró lé e lórí. Wọn kì í gbọ́.

Nígbà kan, a ń ya fíìmù kan lẹ́yìn Ìkòròdú. Ọfà gbọ́dọ̀ wọ ọkùnrin kan lọ́rùn. Mo se sítáàsì kó ki díẹ̀, mo po àwọ̀ pupa tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì mọ́ ọn, mo fi ṣúgà sí i kó lè máa dán. Oòrùn mú, ṣúgà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í pe eṣinṣin. Kí n tó mọ̀, eṣinṣin ti bo ọrùn ọ̀gbẹ́ni náà, òun náà ò sì lè gbá wọn dànù torí kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́. Obìnrin tó ń ta àkàrà lódìkejì ọ̀nà gbé ọwọ́ lérí, ó ń ké "Yéè, ọmọ ọlọ́mọ!" A wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ká tó pẹ̀tù sí i lọ́kàn. Kì í ṣe èmi ni mo jẹ́ kó gbàgbọ́, eṣinṣin ni.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́

Àǹtí, ẹ ṣé gan-an. Ọkàn mi ti ń balẹ̀. Ẹ ní kóòtù. Kí ló gbé e dé kóòtù?

Bàbá_Kásẹ́ẹ̀tì

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ. Ọ̀rọ̀ yìí ṣojú mi.

Ọdún 1979 ni wọ́n yà á nílùú Leticia lórílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, níbi tí Kòlóńbíà, Bràsíl àti Peru ti pàdé létí odò Amazon. Oṣù kejì 1980 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde ní Milan. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí adájọ́ kan fi ní kí wọ́n lọ gbẹ́sẹ̀ lé e. Ẹ̀sùn fíìmù oníwà ìbàjẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi kan Deodato. Nígbà tó yá, ìwé ìròyìn Faransé kan tó ń jẹ́ Photo kọ ọ́ pé ó lè jẹ́ pé wọ́n pa èèyàn lóòótọ́ nínú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ wá kúrò ní ìwà ìbàjẹ́, ó di ìpànìyàn.

Wàyí o, òun alára ló fọwọ́ ara ẹ̀ wa kòtò yẹn. Ó ti ní kí àwọn òṣèré ẹ̀ buwọ́ lùwé pé fún ọdún kan gbáko, wọn ò ní yọjú nínú fíìmù tàbí ìpolówó kankan, kí aráyé lè rò pé wọ́n ti kú sígbó. Àwọn tí wọ́n ń bi í pé "níbo ni wọ́n wà?" ń béèrè ohun tóun fúnra ẹ̀ ti fowó rà pé kẹ́nikẹ́ni má mọ̀. Ó wá di dandan kó fagi lé ìwé àdéhùn yẹn. Ó pe Luca Barbareschi, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin mẹ́ta yẹn, ó ní kó bá òun wá àwọn yòókù. Wọ́n yọjú, ayé rí wọn láàyè, ẹ̀sùn ìpànìyàn fò lọ. Barbareschi yìí kan náà ló wọlé ìbò lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ítálì ní 2008.

Àmọ́ wọn ò fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n dá òun àti àwọn mélòó kan lẹ́bi ìwà ìbàjẹ́ àti fífi ìyà jẹ ẹranko, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́rin, ṣùgbọ́n wọ́n dá ẹ̀wọ̀n náà dúró, pé tí wọ́n bá tún ṣẹ̀ ni wọ́n á tó lọ jókòó sẹ́wọ̀n. Ó di 1984 kí Ítálì tó dá fíìmù náà sílẹ̀.

Nígbà yẹn, Peckham ni mò ń gbé ní London. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń lọ yá kásẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí. Láàárín 1983 sí 1984, ìjọba ibẹ̀ gbé orúkọ àwọn fíìmù kan jáde tí wọ́n ń pè ní video nasties, èyí sì wà lára wọn. Ọlọ́pàá ń ya wọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń kó kásẹ́ẹ̀tì. Ọkùnrin oníṣọ́ọ̀bù yẹn wá lọ kó tirẹ̀ sínú páálí bísíkíìtì lábẹ́ káńtà. Tó bá mọ ojú ẹ, á bi ẹ́ pé, "Ṣé o fẹ́ bísíkíìtì?" Mo fẹ́ bísíkíìtì lọ́jọ́ kan. Mo wò ó dé ibi ìjàpá, mo pa fídíò náà. Ọjọ́ kejì ni mo dá a padà, kò tilẹ̀ bi mí léèrè.

Ṣẹ̀fẹ̀_Bí_Ọ̀sán

Ẹ dúró ná. Ẹni tí wọ́n jẹ tán lójú gbogbo ayé ló padà di aṣòfin? Níbi tiwa, wọ́n á kọ́kọ́ di aṣòfin ná kí jíjẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀rín ti pa mí. Ṣùgbọ́n Bàbá, ibi ìjàpá tí ẹ sọ yẹn. Ìyẹn ńkọ́? Ẹ ní wọ́n dá wọn lẹ́bi torí ẹranko.

Àdùkẹ́_Onítìróò

Ibi tí mò ń sá fún nìyẹn. Ti ẹranko kì í ṣe eré o. Wọ́n pa wọ́n.

Ẹranko méje ni. Coati kan, ẹran kékeré onímú gígùn tí ò sí nígbó tiwa. Ìjàpá ńlá inú odò. Aláǹtakùn. Òjòlá kan. Ẹlẹ́dẹ̀. Àti ọ̀bọ. Ẹ ó rí i pé mẹ́fà ni mo kà. Ọ̀bọ yẹn, méjì ni wọ́n pa fún ẹyọ àwòrán kan ṣoṣo, torí wọ́n fẹ́ tún un yà.

Àwọn òṣèré fúnra wọn ò lè gbé e mì. Robert Kerman tó ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n bínú kúrò níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pa coati. Carl Yorke kọ̀ láti yìnbọn fún ẹlẹ́dẹ̀, Barbareschi aṣòfin yín ló yìn ín. Perry Pirkanen, ọ̀kan lára àwọn tó gé ìjàpá yẹn, sunkún lẹ́yìn tí wọ́n pa kámẹ́rà. Nínú fíìmù ẹ̀rín ló wà lójú ẹ̀. Iṣẹ́ ojú ni mò ń ṣe, mo mọ ohun tó máa ń náni kí ojú tó lè ṣe ohun tí inú ò ṣe.

Ọdẹ_Ìbàràpá

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ má bínú sí mi o, mi ò rí ohun tó kàn mí nínú ẹkún yẹn. Ọmọ ọdẹ ni mí, bàbá mi ọdẹ, bàbá ẹ̀ ọdẹ. A ń pa ẹran. Ẹ̀yin náà ń jẹ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá jẹ ọ̀yà lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, ṣé ẹ rò pé ó fúnra ẹ̀ gun orí iná ni? Òyìnbó á jẹ màálù ní ọ̀sán, á wá sunkún torí ìjàpá ní alẹ́. Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, ìgbà mélòó ni wọ́n ti pa á nínú àlọ́? Àwọn ará Leticia ń jẹ gbogbo ẹran wọ̀nyẹn tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀.

Bàbá_Kásẹ́ẹ̀tì

Ọmọ ọdẹ, o sọ òótọ́ dé àyè kan. Mo fẹ́ bi ọ́ léèrè. Tí bàbá rẹ bá yìnbọn pa ìgalà, tí ẹnì kan wá sọ fún un pé kámẹ́rà ò mú un dáadáa, kó lọ wá ìgalà mìíràn pa, kí ni bàbá rẹ máa sọ?

Ọdẹ_Ìbàràpá

Bàbá, ẹ mú mi. Ìbọn yẹn ló máa kọjú sí onítọ̀hún.

Ó dáa. Mi ò ní ba yín jà lórí ọ̀bọ kejì. Ọdẹ ò gbọ́dọ̀ pa ẹran ṣeré, ìyẹn wà nínú ẹ̀kọ́ wa, ó tún ní ohun tí a máa ń sọ kí a tó kun ẹran. Ti ọ̀bọ kejì kò bá ohun tí mo mọ̀ mu. Àmọ́ ti ìjàpá, èmi ṣì dúró síbi tí mo dúró sí. Wọ́n jẹ ẹ́.

Àdùkẹ́_Onítìróò

Wọ́n jẹ ẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìyàn kọ́ ló lé àwọn òyìnbó yẹn dé ìdí ìjàpá. Kí èmi àti ẹ̀yin lè wò ó ni. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gé ohun tó sún mọ́ ìṣẹ́jú mẹ́fà kúrò nínú ẹ̀ nígbà tí wọ́n gbà á láyè ní 2001. Ní 2011 wọ́n dá gbogbo ẹ̀ padà, àyàfi ìṣẹ́jú-àáyá 15, ti coati yẹn. Ẹ rí i, èèyàn tí wọ́n gún lórí òpó kọjá lọ́wọ́ wọn, ẹran kékeré ni ò kọjá. Wọ́n mọ èyí tó jẹ́ òótọ́.

Deodato alára sọ lọ́jọ́ ogbó ẹ̀ pé ìwà òmùgọ̀ ni òun hù pẹ̀lú àwọn ẹranko yẹn. Ó kú ní ìparí ọdún 2022.

Alábòójútó

Mo ti yọ líǹkì méjì kúrò. Ẹ lè sọ̀rọ̀ nípa fíìmù yìí títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ má gbé apá kankan nínú ẹ̀ síbí. Àwọn ọmọ iléèwé ń wọbí.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìtàn

Ẹ kú ìjókòó. Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀ nípa òṣèré, ẹ ti sọ̀rọ̀ nípa ẹran. Kò tíì sí ẹni tó bèèrè àwọn tí wọ́n pè ní ajẹnìyàn.

Fíìmù yìí dárúkọ wọn, Yanomamö. Orúkọ ẹ̀yà tó wà lóòótọ́ ni o, kì í ṣe orúkọ àtọwọ́dá. Àwọn Yanomami ń gbé ní ààlà Bràsíl àti Venezuela, ọ̀nà wọ́n jìn sí Leticia gan-an. Àwọn tó ń gbé lágbègbè Leticia ni Ticuna. Wọ́n kàn mú orúkọ àwọn kan, wọ́n fi pe àwọn mìíràn lójú kámẹ́rà. Bí ìgbà tí òyìnbó kan ya àwọn ará Badagry tó ní Tiv ni wọ́n.

Ohun tó sì wà nídìí ọ̀rọ̀ pé wọ́n ń jẹ èèyàn rèé. Tí ẹni àwọn Yanomami bá kú, wọ́n á sun òkú ẹ̀, wọ́n á gún egungun ẹ̀ kúnná, àwọn ẹbí á wá po eérú yẹn mọ́ ẹ̀kọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á mu ún. Ọ̀fọ̀ ni. Ìfẹ́ ni. Láti ibi mímu eérú bàbá ẹni ni àwọn ará Ítálì ti gbé wọn dé ibi jíjẹ ìfun àlejò ní tútù.

Kò sì bẹ̀rẹ̀ lórí Deodato. Láàárín 1972 sí 1981 àwọn ará Ítálì to irú fíìmù yìí jọ bí ìtì igi. Umberto Lenzi ṣe tirẹ̀ nínú igbó Thailand ní 1972, Deodato fúnra ẹ̀ ti ṣe òmíràn ní 1977, Sergio Martino ṣe tirẹ̀ ní 1978, Lenzi tún padà wá pẹ̀lú Cannibal Ferox ní 1981. Nínú gbogbo wọn, onílẹ̀ kì í ní gbólóhùn kan tó lórí tó nídìí láti sọ. Igbe ló ń ké. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé òkè òkun rí, tí wọ́n ti bi yín léèrè bóyá orí igi lẹ̀ ń sùn, ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ.

Tọ́lá_Sinimá

Ẹ̀gbọ́n Akẹ́kọ̀ọ́, mo gbà fún yín lórí orúkọ, ṣùgbọ́n ẹ ò fún fíìmù náà ní ẹ̀tọ́ ẹ̀. Òyìnbó ni ìkà inú ẹ̀! Òyìnbó ló dáná sun abúlé láti rí àwòrán tó máa tà. Ní ìparí, ọ̀jọ̀gbọ́n jáde síta ní New York, ó ń bi ara ẹ̀ léèrè ta ni ajẹnìyàn gan-an. Deodato sọ pé ìròyìn Brigate Rosse, ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí kan ní Ítálì, lórí tẹlifíṣọ̀n ló fún òun ní èrò náà, bí àwọn oníròyìn ṣe ń fi ẹ̀jẹ̀ lọ ojú aráyé lójoojúmọ́ nígbà tí wọ́n ń yìnbọn fún èèyàn láàárín ìgboro. Àwọn oníròyìn ló ń bú.

Ọgbọ́n orí tún wà nínú ẹ̀. Gbogbo fíìmù "a rí kásẹ́ẹ̀tì yìí nínú igbó" tẹ́ ẹ ń wò lónìí, ìyẹn Blair Witch ti 1999 àti àwọn ọmọ ẹ̀, ọ̀nà tí ọkùnrin yìí là ni wọ́n ń tọ̀. Ẹ tún gbọ́ orin ẹ̀. Riz Ortolani ló ṣe é. Orin tó dùn bí èyí tí ìyá fi ń rẹ ọmọ, wọ́n gbé e lé ahéré tó ń jó lórí. Orin yẹn dẹ́rù bà mí ju ẹ̀jẹ̀ lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìtàn

Tọ́lá, mo gbọ́. Ẹni tó ń bú olè, tó sì wọ aṣọ olè, tó ń jẹun nínú àwo olè, èmi á kọ́kọ́ yẹ àpò ẹ̀ wò. Wọ́n ti fẹ̀sùn kan Deodato pé àwọn ará igbó tó lò kò rí owó iṣẹ́ wọn gbà bó ṣe yẹ, títí kan àwọn tó wà nínú ahéré tó ń jó. Inú fíìmù tó ń bú àwọn tó sun ahéré mọ́ èèyàn lórí nítorí àwòrán ni o.

Tọ́lá_Sinimá

Ìyẹn ò ṣeé gbè. Mi ò ní gbè é.

Ṣẹ̀fẹ̀_Bí_Ọ̀sán

Ẹni tó bá wò ó dé ìparí, ẹ rántí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ gbẹ̀yìn? Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí wọ́n sun fíìmù yẹn, ọkùnrin tó ń gbé e sójú ògiri jí i tà. Owó ìtanràn ẹ̀ dọ́là 10,000. Owó tó tà á, dọ́là 250,000. Èmi ò rí ẹ̀kọ́ kankan kọ́ níbẹ̀ ju pé kí n lọ wá iṣẹ́ ní sinimá.

Àyìnlá_Ìsàlẹ̀_Èkó

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, mi ò fẹ́ dá sí i. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ìbéèrè rẹ àkọ́kọ́ ni pé ṣé wọ́n pa èèyàn lóòótọ́. Gbogbo wọn ti dá ẹ lóhùn pé rárá. Ìdáhùn yẹn ò pé.

Ṣé o rántí pé kí ọ̀jọ̀gbọ́n tó wo fíìmù tó kó bọ̀ láti igbó, obìnrin iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n yẹn kọ́kọ́ fi iṣẹ́ tí àwọn mẹ́rin yẹn ti ṣe tẹ́lẹ̀ hàn án? The Last Road to Hell ni wọ́n pè é. Àwọn sójà ń yìnbọn pa èèyàn, ó ń tẹ̀ lé ara. Obìnrin náà wá sọ fún un pé eré ni gbogbo ẹ̀, pé Alan, olórí àwọn mẹ́rin yẹn, fún àwọn sójà lówó kí wọ́n bá òun ṣe é.

Irọ́ ni. Èèyàn tòótọ́ ni wọ́n. Deodato ò ya ìyẹn, àwòrán ìròyìn tó ti wà nílẹ̀ ló rà. Apá kan wá láti gúúsù ìlà oòrùn Éṣíà, apá kan wá láti Nàìjíríà níbí.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Àwọn tí fíìmù yìí ní ká gbà pé wọ́n kú lóòótọ́, wọ́n lọ sílé, ọ̀kan di aṣòfin. Àwọn tó ní ká gbà pé eré ni wọ́n ń ṣe, òkú wọn ló wà níwájú wa. Àwa tá a jókòó níbí ti jà lórí ìjàpá, lórí ọ̀bọ, lórí ìjókòó kẹ̀kẹ́. Kò sí ẹni tó dárúkọ wọn. Èmi náà ti wo fíìmù yìí lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mọ̀.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀gbọ́n. Mo rántí ibẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti dìde lọ bu omi mu. Mo ní ibi tí ò le nìyẹn, torí obìnrin yẹn sọ pé eré ni.

Bàbá_Kásẹ́ẹ̀tì

Àyìnlá, o pa mí lẹ́nu mọ́. Ogójì ọdún ni mo ti ń sọ ìtàn fíìmù yìí fún èèyàn.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìtàn

Èyí tún gbé mi lọ sẹ́yìn. Gualtiero Jacopetti àti Franco Prosperi, ará Ítálì tó ṣe Mondo Cane ní 1962, ṣe Africa Addio ní 1966. Wọ́n ya bí wọ́n ṣe ń pa èèyàn ní Congo. Wọ́n fẹ̀sùn kan Jacopetti pé ó ní kí àwọn apànìyàn dúró de òun kí kámẹ́rà tó jókòó dáadáa. Wọ́n padà dá a láre. Ọ̀rọ̀ "ó sanwó fún àwọn sójà" tí obìnrin yẹn sọ, ó jọ lójú mi pé ibẹ̀ ló ti wá. Ortolani tó ṣe orin tí Tọ́lá ń yìn yẹn náà ló bá wọn ṣe orin fíìmù méjèèjì.

Ọdẹ_Ìbàràpá

Nàìjíríà wo? Ìgbà wo?

Àyìnlá_Ìsàlẹ̀_Èkó

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀. Lẹ́yìn ogun, ìjọba Gowon gbé òfin jáde ní 1970 pé ẹni tó bá fi ìbọn jalè, ikú ni. Láti 1971 ni wọ́n ti ń yìnbọn pa wọ́n ní gbangba. Bar Beach l'Ékòó ni gbogbo ayé mọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pa Ìṣọ̀lá Oyènúsì ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án 1971, tẹ̀rín-tẹ̀rín ló sì fi dé ìdí òpó, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó rí i ṣe máa ń wí. Èèyàn á tú jáde bí ẹni tó ń lọ wo eyò.

Mi ò sọ pé Bar Beach ló wà nínú fíìmù yẹn o. Nàìjíríà ni mo sọ. Ṣùgbọ́n bàbá mi dé Bar Beach. Ó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà yẹn, Lafiaji ni wọ́n ń gbé. Mo pè é lórí fóònù lọ́sàn-án yìí torí ọ̀rọ̀ yín.

Ó ní ẹsẹ̀ làwọn fi rìn dé ibẹ̀, òun àti ọmọ àbúrò bàbá ẹ̀, wọ́n sá kúrò níléèwé. Àwọn obìnrin ń ta gúgúrú àti ẹ̀pà. Dúrọ́ọ̀mù wà lẹ́yìn àwọn òpó. Òun kúrú, ẹ̀yìn àgbà nìkan ló ń rí. Ọkùnrin kan wá wà níwájú tó gbé kámẹ́rà lé èjìká, ó ń fi ọwọ́ lé èrò, pé kí wọ́n kúrò níwájú òun, òun ò rí nǹkan kan. Àwọn èèyàn yà, ọ̀nà là, ni òun àti ìkejì ẹ̀ bá gba abẹ́ apá wọn kọjá bọ́ síwájú. Ó ní ká ní kì í ṣe ti ọlọ́kámẹ́rà yẹn, òun ò bá má rí i.

Mo bi í pé kí ló rí. Ó ní bàtà ọ̀kan nínú wọn bọ́. Ó ní kò tún sí ohun tí òun máa sọ lórí fóònù.

Àdùkẹ́_Onítìróò

Ẹ bá wa kí Bàbá.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ sọ fún wọn nípa fíìmù náà?

Àyìnlá_Ìsàlẹ̀_Èkó

Mo sọ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní kí n bá àwọn wò ó dáadáa, tí mo bá rí ọmọdékùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹ́lò iléèwé níwájú èrò, kí n pe àwọn padà.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ jọ̀ọ́, mo ti pa á rẹ́ lórí fóònù mi láti àárọ̀. Mi ò lè bá wọn wò ó.

Àyìnlá_Ìsàlẹ̀_Èkó

Èmi náà ò tíì wò ó. Wọ́n ti tún pè lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà yẹn.